Wálé Òjó: Ọkùnrin Mẹ́ta Níwájú Ikú

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 2023, fíìmù méjì jáde lọ́jọ́ kan náà ní Nàìjíríà. Ọ̀kan ni A Tribe Called Judah tí Fúnkẹ́ Akíndélé gbé wọ ilé sinimá, tí èrò ń wọ́ lọ wò títí tó fi di fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ. Èkejì ni Breath of Life tí BB Sasore darí, tó gba orí Prime Video wọlé láìpariwo. Inú èkejì yìí la ti bá ọkùnrin kan tó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, tí kò fẹ́ rí èèyàn, tí kò gbàdúrà mọ́, tí kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ Ọlọ́run létí òun. Wálé Òjó ló ṣe ọkùnrin náà.

Nígbà tó di oṣù Karùn-ún ọdún 2024, níbi àmì-ẹ̀yẹ AMVCA (Africa Magic Viewers' Choice Awards) ẹlẹ́ẹ̀kẹwàá tí wọ́n ṣe ní Èkó, òun ni wọ́n pè síta pé ó mókè jù nínú àwọn ọkùnrin tó kó ipa asíwájú. Breath of Life gba àmì-ẹ̀yẹ fíìmù tó dára jù lọ, Sasore sì gba ti olùdarí. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, Wálé Òjó tún yọ nínú The Man Died, ó di Wọlé Ṣóyínká nínú ẹ̀wọ̀n. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì ọdún 2025, ó ti wà ní ìlú Sheffield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lórí ìtàgé Crucible, ó ń jó ijó Ẹlẹ́ṣin Ọba nínú Death and the King's Horseman. Kò pé oṣù mẹ́rìnlá láàárín èyí àkọ́kọ́ àti èyí tó kẹ́yìn.

Ọkùnrin mẹ́ta ni, iwájú ikú sì ni olúkúlùkù wọn dúró sí. Ayé ti sú ẹni àkọ́kọ́. Ẹnì kejì kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ní kú. Ẹnì kẹta jẹ ikú ní gbèsè, nígbà tí ọjọ́ sì pé, kò rí i san. N ò rántí òṣèré wa kan tí irú ẹrù mẹ́ta báyìí já lé léjìká láàárín àkókò kúkúrú bẹ́ẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ sì wá látọ̀dọ̀ àwọn tí kì í fi owó ẹnu ọ̀nà ilé sinimá díwọ̀n iṣẹ́ wọn. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé yìí nìyẹn.

Àwọn òṣèré kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá yọ lójú àwòrán, orúkọ wọn lè má wá sí ẹ lẹ́nu kíá, àmọ́ ọkàn rẹ á balẹ̀ pé eré ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Bí Wálé Òjó ti rí fún ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn. Láti kékeré ló ti ń ṣeré ní Nàìjíríà kó tó gba Ìlú Ọba lọ, ó sì pẹ́ tó ti ń bá iṣẹ́ ìtàgé àti tẹlifíṣọ̀n yí lọ́hùn-ún. Àwọn tó wo Phone Swap tí Kúnlé Afọláyan ṣe lọ́dún 2012 ò ní gbàgbé Akin, ọ̀gá oníṣòwò tí fóònù BlackBerry rẹ̀ àti ti ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Mary pààrọ̀ ara wọn ní pápákọ̀ òfurufú, tó wá bá ara rẹ̀ láàárín mọ̀lẹ́bí ọmọbìnrin náà nígbà tí ọmọbìnrin ọ̀hún ń lọ jókòó sípò rẹ̀ níbi ìpàdé iṣẹ́. Kúnlé Afọláyan tún pè é sínú The CEO lọ́dún 2016. Fún àwọn Yorùbá Lọ́ńdọ̀nù, ó lè jẹ́ bàbá Meet the Adebanjos ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí: Bàyọ̀ Adébánjọ, ọkùnrin tó ń fi ọwọ́ ilé tọ́ ọmọ ní Peckham, tí àwọn ọmọ sì ń fi ọwọ́ Peckham dá a lóhùn. Ẹ̀rín ló kún inú eré yẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ẹ̀rín yẹn sọ́kàn, nítorí ó máa wúlò tí a bá dé Sheffield.

Nínú Breath of Life, Timi lorúkọ rẹ̀. Àlùfáà ìjọ ni tẹ́lẹ̀, ọlọ́pọlọ pípé, ẹni tí ọ̀nà là fún. Ọ̀daràn kan wá pa ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti kẹ̀yìn sí ìjọ, tó kẹ̀yìn sí ayé, tó di bàbá kan tó ń gbé ilé ńlá lóun nìkan, tó ń ka iye ọjọ́ tó kù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Elijah, tí Chimezie Imo ṣe, wá gbaṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ Olúwa gan-an ló wu ọmọ yìí láti ṣe láyé. Ìyókù fíìmù náà ni bí ìgbàgbọ́ ọmọ yìí ṣe ń kan ilẹ̀kùn ọkùnrin tí kò fẹ́ ṣí.

Ibi tí irú ipa báyìí ti máa ń bọ́ mọ́ òṣèré lọ́wọ́ ni pé ó máa ń yá a lára láti di ẹni tí a fẹ́ràn. A mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé bàbá yìí ṣì máa yọ́nú. Òṣèré tí kò ní sùúrù á ti fi ojú àánú wò wá láti ìṣẹ́jú kẹwàá. Wálé Òjó kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó jẹ́ kí Timi le, kó sọ̀rọ̀ líle sí ọmọ ọlọ́mọ, kó jókòó sínú ìbànújẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé ogún bàbá rẹ̀ ni. Nígbà tí ọkàn rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, a ti jìyà pẹ̀lú Elijah tó láti mọyì rẹ̀. Mo gbà pé àwọn ibì kan wà nínú fíìmù yẹn tí orin ti ń sọ fún wa pé ká sunkún kí omijé tó wá fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú Wálé Òjó kò bá orin yẹn sáré.

Oṣù kan péré lẹ́yìn tí fíìmù yìí jáde, ní oṣù Kìíní ọdún 2024, Amazon, tó ni Prime Video, kéde pé òun ò ní fowó sí fíìmù tuntun nílẹ̀ Áfíríkà mọ́. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí fíìmù ní Èkó mọ bí ìròyìn yẹn ti dunni tó. Ọ̀nà tí Breath of Life gbà dé ọ̀dọ̀ wa dí lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó kù ni ilé sinimá, níbi tí owó ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ti ń pinnu ẹni tí wọ́n máa tún pè síṣẹ́. Èmi náà bá Fúnkẹ́ Akíndélé yọ̀, ó ti ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ò ṣe rí, òógùn ojú rẹ̀ sì ni. Àmọ́ kí la fẹ́ ṣe sí òṣèré tó ti tó bàbá, tí ẹ̀bùn rẹ̀ wà nínú dídákẹ́, tí kò lè jó níwájú fóònù láti polówó fíìmù? Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù wa, ohun tí wọ́n ní fún irú wọn ò ju bàbá ìyàwó lọ: ìran méjì, àga ọlọ́lá, àdúrà níbi ìgbéyàwó, ó parí.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ìdùnnú mi pé The Man Died wáyé. Ilé-iṣẹ́ Zuri24 Media ti Fẹ́mi Òdúgbẹ̀mí ló gbé e jáde, Bọ̀dé Aṣíyanbí ló kọ ọ́, Awam Amkpa, ọ̀jọ̀gbọ́n eré oníṣe ní Yunifásítì New York, ló sì darí rẹ̀. Oṣù Keje ọdún 2024 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e síta, nígbà tí Ṣóyínká pé ẹni àádọ́rùn-ún ọdún. Sam Dede, Norbert Young àti Francis Onwochei wà nínú rẹ̀, àwọn ọkùnrin tí wọ́n ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí, tí ohùn wọn nìkan tó láti jẹ́ kí yàrá kan kún.

Ìtàn rẹ̀ kò ṣàjèjì. Ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 1967. Ṣóyínká rìnrìn àjò lọ sí Ìlà-Oòrùn láti bá Òjúkwu, olórí Biafra, sọ̀rọ̀, bóyá ogun ṣì lè dúró. Ní oṣù Kẹjọ, ìjọba àpapọ̀ tí Gowon ń darí mú Ṣóyínká. Wọn ò gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Ó ju ọdún méjì lọ kí wọ́n tó dá wọn sílẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 1969, èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò náà ni wọ́n sì fi dá wà nínú àhámọ́ ní Kàdúná. Wọ́n ń kọ̀wé sórí bébà ìnùdí, wọ́n ń kọ ọ́ sáàárín ìlà inú ìwé ẹlòmíì tó bá bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ìwé tí wọ́n kọ nípa ẹ̀wọ̀n náà, The Man Died tí fíìmù yìí dá lé, jáde lọ́dún 1972. Orúkọ tó ń jẹ́ wá láti inú wáyà kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wọn nípa akọ̀ròyìn kan, Ṣẹ́gun Sówẹ̀mímọ̀, tí àwọn sójà lù, tí ìyà náà sì pa á nígbẹ̀yìn.

Báwo lèèyàn ṣe ń ṣe Ṣóyínká? Kò sí ọmọ yunifásítì kan ní Ifẹ̀ tàbí Ìbàdàn tí kò lè sín ohùn wọn jẹ: ọ̀rọ̀ tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, gbólóhùn tó gùn bí ọ̀nà Èkó sí Kàdúná. Ẹni tó bá fi ìsínjẹ bẹ̀rẹ̀, aláwàdà ló máa bá parí. Ìṣòro kejì ni ọjọ́ orí. Ẹni ọdún 33 ni Ṣóyínká nígbà tí wọ́n mú wọn. Wálé Òjó ti kọjá ibẹ̀ tipẹ́. Nínú àwọn ìran tó wà níta ẹ̀wọ̀n, ó hàn sí mi pé àgbà ló ń rin ìrìn ọ̀dọ́. Ìgbóná ara ọkùnrin tó lè dá lọ kojú ogun lóun nìkan kò jóná tó. Àmọ́ bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn tán, ọjọ́ orí yẹn di ẹ̀bùn. Ẹ̀wọ̀n a máa sọ èèyàn dàgbà. Ojú tó ti rí ayé lohun tó yẹ kó wo ògiri.

Inú àhámọ́ yẹn la ti rí i pé ìtàgé ló wò ó dàgbà. Òṣèré fíìmù lásán nílò ẹlòmíì tó máa bá sọ̀rọ̀, ó nílò kámẹ́rà tó ń yí kiri. Òṣèré ìtàgé ti kọ́ bí a ti ń fi ara ẹni kún àyè tó ṣófo. Wálé Òjó jókòó, ó dìde, ó rìn dé ògiri, ó padà, àwa sì mọ ọjọ́ tí ebi ń pa á àti ọjọ́ tó jẹ́ pé ẹ̀rù pé òun máa ya wèrè ló bà á. Ó ń jà fún ẹ̀mí ara rẹ̀ láìgbé ọwọ́ sókè. Àwọn tó ń wá ìbọn àti ogun nínú fíìmù nípa ogun abẹ́lé lè má gbádùn rẹ̀. Èmi ò fẹ́ kó yàtọ̀ sí bó ti rí.

Ọkùnrin tó ti wọ ara Ṣóyínká yìí náà ló wá wọ inú Death and the King's Horseman, eré tí Ṣóyínká kọ nígbà tí wọ́n wà ní Churchill College ní Cambridge, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀wọ̀n. Àwa Yorùbá ti mọ ìtàn náà kó tó di ìwé wọn. Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù wàjà ní oṣù Kejìlá ọdún 1944. Olókùn-Ẹṣin rẹ̀, Jínádù, ló yẹ kó bá ọba lọ, ṣùgbọ́n ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ní kí wọ́n mú un, ọmọ rẹ̀ ló sì kú dípò rẹ̀. Dúró Ládiípọ̀ ti gbé e sórí ìtàgé lọ́dún 1964 nínú Ọba Wàjà. Ṣóyínká fà á sẹ́yìn díẹ̀, sáàárín ogun àgbáyé, wọ́n sọ ọmọ náà di Olúńdé tó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé láti ibi tó ti ń kọ́ iṣẹ́ dókítà, ìwé sì jáde lọ́dún 1975. Wọ́n tún kìlọ̀ níbẹ̀rẹ̀ ìwé pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe kà á sí ìjà àṣà òyìnbó àti àṣà dúdú lásán. Ajẹ́lẹ̀ kàn ṣí ilẹ̀kùn ni. Ẹlẹ́ṣin fúnra rẹ̀ ló ti ń wo ẹ̀yìn. Ó rí omidan lọ́jà, ó sì fẹ́ ẹ lálẹ́ ọjọ́ tó yẹ kó fi ayé sílẹ̀.

Mojísọlá Kareem ló darí ti Sheffield. Òun ló dá Utopia Theatre sílẹ̀, ẹgbẹ́ eré ilẹ̀ Áfíríkà tó fi ìlú náà ṣe ibùjókòó, wọ́n sì jọ pawọ́ pọ̀ pẹ̀lú Sheffield Theatres. Ọ̀pọ̀ àwọn ará Ìlú Ọba mọ Crucible sí ibi tí wọ́n ti ń gbá ife-ẹ̀yẹ snooker àgbáyé láti ọdún 1977. Ohun tó jẹ mí lógún nípa ilé yẹn ni bí wọ́n ṣe kọ́ ọ: ìtàgé náà yọ síta sáàárín èrò, àwọn òǹwòran sì yí i ká lọ́nà mẹ́ta. Agbo eré nìyẹn. Bí egúngún ṣe ń jó láàárín ọjà nìyẹn, tí ẹnì kan wà níwájú, tí ẹnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí kò síbi tí oníjó máa fara pa mọ́ sí. Mo ti máa ń rò pé ìtàgé tó kọjú sí ọ̀nà kan ṣoṣo ti bu eré wa kù, nítorí ó sọ òǹwòran di ẹni tó ń yọjú lójú fèrèsé. Ẹlẹ́ṣin kì í ṣe ọkùnrin tí wọ́n ń yọjú wò. Àárín ọjà ló ti ń wọlé, pẹ̀lú ìlù, àwọn obìnrin sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ipa yẹn wúwo. Ní ìdá kan nínú eré, Ẹlẹ́ṣin gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí gbogbo ayé ń fẹ́: ó ń dápàárá, ó ń pa òwe, ó ń tan àwọn ìyá lọ́jà títí wọ́n fi wọ̀ ọ́ láṣọ. Níbí ni ẹ̀rín Peckham ti wúlò. Òṣèré tí kò mọ ẹ̀rín pa ò lè ṣe ìran ọjà yẹn, nítorí bí a ò bá fẹ́ràn ìgbádùn ọkùnrin náà, a ò ní mọ ohun tó so ó mọ́ ayé. Lẹ́yìn náà ni ijó ikú, níbi tí ara ti ń lọ díẹ̀díẹ̀ tí ìlù ń fà á, tí Olóhùn-Iyọ̀ tó ń ki í sì ń pè é bóyá ó ṣì ń gbọ́. Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀wọ̀n. Ọkùnrin tó ń jó lẹ́ẹ̀kan jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́, Ìyálọ́jà dúró lókè orí rẹ̀, ó ń sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún un. Ẹni tó ti lo oṣù púpọ̀ nínú àhámọ́ Kàdúná ti The Man Died ti mọ bí ìjókòó yẹn ṣe rí. Ṣóyínká inú fíìmù kò jẹ̀bi, ó sì lè wo àwọn tó tì í mọ́lé lójú. Ẹlẹ́ṣin jẹ̀bi. Ibo ló fẹ́ gbójú sí?

Ọ̀rọ̀ èdè tún wà níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni Ṣóyínká fi kọ ọ́, àmọ́ Yorùbá ló wà lábẹ́ gbogbo ìlà ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́ṣin. Mo ti gbọ́ àwọn òṣèré ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n ń ka òwe inú rẹ̀ bí ẹni tó ń ka ìwé òfin. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ti fi òwe bá wí rí mọ ibi tí wọ́n ti ń gbé ohùn sókè, ó mọ ibi tí wọ́n ti ń dákẹ́ kí olùgbọ́ fúnra rẹ̀ parí rẹ̀. Gbígbé irú ipa yìí fún Wálé Òjó kọjá ọ̀rọ̀ pé ó ti gba àmì-ẹ̀yẹ.

Ẹni tí wọ́n fi ṣe Ìyálọ́jà ni Kẹ́hìndé Bánkọ́lé. Ọdún kan ṣáájú ló ti jẹ́ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì nínú fíìmù tí Bọ́láńlé Austen-Peters darí, èyí tó wọ ilé sinimá lọ́dún 2024. Ẹ wo bí nǹkan ti so kọ́ra. Ransome-Kútì jẹ́ ìyàwó nínú ẹbí ìyá Ṣóyínká, ìyá Ṣóyínká fúnra wọn wà nínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Abẹ́òkúta tó dojú kọ Aláké lórí owó orí, ìwé Aké tí Ṣóyínká kọ sì sọ ọ́. Àwọn ìyálọ́jà tó fi àwọn ọlọ́pàá ṣe ẹlẹ́yà nínú eré Ẹlẹ́ṣin, inú irú agbo obìnrin bẹ́ẹ̀ ni òǹkọ̀wé wọn ti dàgbà. Nítorí náà, ní Sheffield, ọkùnrin tó ti ṣe Ṣóyínká àti obìnrin tó ti ṣe ìyàwó ẹbí Ṣóyínká ló kojú ara wọn lórí ọ̀rọ̀ tí Ṣóyínká kọ.

Àwa tó wà nílé ti rí Ẹlẹ́ṣin mìíràn ṣáájú. Bíyì Bándélé fi Yorùbá ṣe Ẹlẹ́ṣin Ọba fún Netflix, ó sì kú ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, kí wọ́n tó gbé e hàn ní Toronto lóṣù tó tẹ̀ lé e. Ọdúnladé Adékọ́lá ni Ẹlẹ́ṣin níbẹ̀, inú mi sì dùn sí yíyàn náà, nítorí Ọdúnladé mọ adùn ayé, ó mọ bí ọkùnrin ṣe ń wo obìnrin lọ́jà. Níbi ijó ikú ni fíìmù náà ti já mi kulẹ̀. Kámẹ́rà ń gé e sí wẹ́wẹ́: ẹsẹ̀, ojú, ìlù, ojú. Àìdáwọ́dúró ni agbára ijó yẹn. Ara kan náà ló gbọ́dọ̀ jó o láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin níwájú wa, kí àárẹ̀ rẹ̀ jẹ́ àárẹ̀ gidi, kí àwa náà má mọ bóyá ó máa dìde. Ìtàgé nìkan ló lè fún wa ní ìyẹn, lálaalẹ́.

Sheffield rí i. Ìbàdàn kò rí i, Ọ̀yọ́ tó ni ìtàn kò rí i, Èkó náà kò rí i. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí. Ní oṣù Keje ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ fi orúkọ Ṣóyínká pe gbọ̀ngàn ìṣeré ńlá Ìgànmú, ìyẹn ilé tí wọ́n kọ́ de FESTAC ọdún 1977, wọ́n sì tún ṣí i ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Orúkọ ti wà lára ògiri. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ti túmọ̀ eré náà sí Yorùbá láti ọdún 1994, Ikú Olókùn-Ẹṣin, Yorùbá tó jinlẹ̀ tó láti gbé Ẹlẹ́ṣin dúró. Wálé Òjó ti há ipa náà sórí, Kẹ́hìndé Bánkọ́lé pẹ̀lú. Àwọn onílù wa ò ti ì kú tán. Kí ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ Ìgànmú pè wọ́n wálé, kí wọ́n fi ìwé Ìṣọ̀lá ṣe é, kí wọ́n sì kó àga kúrò níwájú kí agbo lè wà.